Kì í ṣe gbogbo nọ́mbà tó jọra là ń fagi lé

Ọmọ kan gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Wọ́n ní kó mú 16/64 rọrùn. Ó fagi lé 6 tó wà lókè, ó fagi lé 6 tó wà nísàlẹ̀, ó kọ 1/4. Olùkọ́ máàkì rẹ̀ pé ó gbà á. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni 13/34. Ó fagi lé 3 lókè àti nísàlẹ̀, ó tún kọ 1/4. Àmì X gàgàrà ló gbà níbẹ̀. Kò yé e rárá, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn, àgbà pàápàá, gbà pé nọ́mbà tó bá wà lókè, tó tún wà nísàlẹ̀, ti pa ara wọn. Mo mọ ibi tó ti wá: òdo ni. Wọ́n kọ́ wa pé ká fagi lé òdo méjèèjì nínú 30/50, kó di 3/5, ó sì tọ́. Wọn ò wá sọ fún wa pé 10 la fi pín òkè, tí a tún fi pín ìsàlẹ̀. Ẹ gbé òdo yẹn sáàárín, kó di 203/405, kí ẹ wá fagi lé e: 23/45 tó máa jáde kì í ṣe iye kan náà mọ́.

Pípín ni gbogbo rẹ̀. Tí a bá fi nọ́mbà kan náà pín òkè àti ìsàlẹ̀, ìdá náà ò kéré sí i, kò sì pọ̀ sí i; nọ́mbà tí a fi kọ ọ́ nìkan ló kéré. 16 wọ inú 16 lẹ́ẹ̀kan, ó wọ inú 64 lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ibẹ̀ ni 1/4 ti wá. 6 ò bá wọn dá sí i.

Àní, ẹ pe nọ́mbà méjèèjì bí a ṣe ń pè é: mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Níbo ni ẹ̀fà wà nínú mẹ́rìndínlógún? Ogún tí a yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀ là ń sọ. 6 tó wà nínú 64 náà kì í ṣe ẹ̀fà, ọgọ́ta ni. Kí la wá fẹ́ fi pa kí ni?

Tí a bá yọ ti òdo sílẹ̀, ìdá tó kéré sí 1, tó ní ẹyọ nọ́mbà méjì lókè àti méjì nísàlẹ̀, tí irú ìfagilé yìí fi ń ṣe kòńgẹ́ ìdáhùn gidi, mẹ́rin péré ni: 16/64, 19/95, 26/65 àti 49/98. Olùkọ́ tó bá fi ọ̀kan nínú wọn ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́ ti dá wàhálà sílẹ̀.

Àmì àròpọ̀ náà máa ń tan èèyàn. Nínú (2 × 3)/(2 × 4), ẹ lè pa 2, kó ku 3/4, torí 6/8 ni. Ṣùgbọ́n (2 + 3)/(2 + 4) jẹ́ 5/6. Ẹ pa 2 níbẹ̀, 3/4 lẹ máa rí, irọ́ sì ni.

Ìgbà tí nọ́mbà tó pín méjèèjì bá fara pamọ́ ló ń dààmú èèyàn jù. Ẹ fi 2, 3 àti 5 gbìyànjú lórí 91/133, kò ní wọ̀ ọ́. Euclid ará Gíríìsì ti kọ ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn: ẹ ṣáà máa yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Ẹ yọ 91 nínú 133, ó ku 42. Ẹ yọ 42 nínú 91 lẹ́ẹ̀méjì, ó ku 7. Ẹ yọ 7 nínú 42 lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó tán. 7 là ń wá. Ẹ fi pín méjèèjì, ó di 13/19.

Mo fi han ọmọ náà, ló bá padà sórí 13/34. Ó yọ 13 lẹ́ẹ̀méjì, ó ku 8. Ó yọ 8 nínú 13, ó ku 5. Lẹ́yìn náà 3, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 1: kò sí nọ́mbà tó ju 1 lọ tó lè pín méjèèjì. Ó gbójú sókè wò mí.

“Ṣé kí n kàn kọ 13/34 padà ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.