Bí a ṣe ń dá sáíkàdì mọ̀, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló ń rí sáíkàdì lọ́gbà tí wọ́n ń pè é ní ọ̀pẹ. Imọ̀ wọn ló jọra, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ a máa tanná, sáíkàdì kì í tanná. Kóònù, ìyẹn ohun ṣóńṣó tó ń ṣe iṣẹ́ òdòdó fún un, ló máa ń yọ láàárín orí, igi akọ lọ́tọ̀, igi abo lọ́tọ̀. Nínú irú sáíkàdì kan tí wọ́n ń pè ní Encephalartos woodii, akọ nìkan ni wọ́n rí láti 1895, kò sì tíì sí abo tí yóò bá a so.

Bí kóònù kò bá tíì yọ, ewé ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ já ewé wẹ́wẹ́ kan lára imọ̀, kí ẹ nà án sí oòrùn. Bí iṣan kan ṣoṣo bá là á láàárín láìní ẹ̀ka, ẹ̀yà sáíkàdì tí wọ́n ń pè ní Cycas ni. Bí iṣan púpọ̀ bá tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kò sí ọ̀gá nínú wọn, ó lè jẹ́ Zamia tàbí Encephalartos; ti Encephalartos sábà máa ń ní ẹ̀gún létí. Cycas revoluta, ará gúúsù Japan, ló wọ́pọ̀ jù lọ́gbà: etí ewé rẹ̀ ká sísàlẹ̀.

Omi àpọ̀jù ló ń pa sáíkàdì jù, mo sì ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Ẹ po iyanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ẹ má bo ìdí igi mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bomi rin ín. Bí ẹ bá tẹ ìdí rẹ̀ tó rọ̀, ó ti ń jẹrà.

Gbòǹgbò kan wà tó rí kókó-kókó, tó máa ń yọrí sókè ilẹ̀. Ẹ má gé e: ohun abẹ̀mí àìfojúrí ń gbé inú rẹ̀, òun ló ń mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wá bọ́ igi náà.

Ewé tuntun a máa yọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti Cycas a sì ká jọ. Ó rọ̀ gan-an nígbà yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì ṣí ìkòkò rẹ̀ nípò.

Bí ẹ bá gé ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbìn ín sínú iyanrìn. Májèlé wà nínú sáíkàdì látòkèdélẹ̀, irúgbìn rẹ̀ ló burú jù. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń pa ajá. Bí ajá yín bá jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò bá tíì bì.