Aládùúgbò Ni Ó Ń Kọ́kọ́ Dé

Ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì ní ìlú Kobe ní orílẹ̀-èdè Japan, ilé sì wó lu àwọn ènìyàn lórí ibùsùn wọn. Ẹ̀mí tó ṣòfò lé ní 6,000. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá tọpa bí wọ́n ṣe yọ àwọn tó há sábẹ́ àlàpà, wọ́n rí i pé kì í ṣe panápaná tàbí sójà ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jáde. Ará ilé wọn àti aládùúgbò wọn ni, àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ lásán àti ohun èlò inú ilé wú òrùlé kúrò lórí wọn. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì ya ọ̀lẹ: ọ̀nà ti dí, iná sì ń jó ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wà nítòsí ló lè débẹ̀ kí ó tó di pé ẹ̀pa kò bóró mọ́, ẹni tó sì mọ yàrá tí ìyá àgbà ń sùn ló mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa àlàpà.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni láti jókòó ti àwọn tí àjálù bá, láti ọjọ́ tí omi tàbí iná ti gba ilé lọ́wọ́ wọn títí di oṣù tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè wọn mọ́. Ìmọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá láwùjọ ni mo fi ń ṣe é. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi, tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi gbé yẹ̀ wò, ni pé àjọṣe tó ti wà láàárín àwọn ènìyàn kí àjálù tó dé ni ó ń gba ẹ̀mí là jù, àti pé òun gan-an ni àwa tí a ń ṣe ìrànlọ́wọ́ máa ń bàjẹ́ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ìgbàgbọ́ kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ewu bá dé, orí ogunlọ́gọ̀ á dàrú, pé olúkúlùkù á máa tẹ ẹnìkejì mọ́lẹ̀ láti sá àsálà. Enrico Quarantelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n dá ibùdó ìwádìí nípa àjálù sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963, fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ sí ibi tí àjálù ti ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń bá bọ̀ lemọ́lemọ́ ni pé irú ìpayà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2005, bọ́ǹbù bú nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta àti bọ́ọ̀sì kan ní ìlú London, ó sì pa ènìyàn 52 yàtọ̀ sí àwọn tó gbé e wá. John Drury, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá láwùjọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó yè é. Nínú òkùnkùn àti èéfín, àwọn tí kò rí ara wọn rí di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń bá ara wọn di ojú ọgbẹ́, wọ́n sì ń yà fún ara wọn kọjá. Àlàyé tí Drury ṣe ni pé ewu kan náà tó dojú kọ gbogbo wọn ló sọ “èmi” di “àwa”, ẹni tó bá sì ti wọ inú “àwa”, ìrora rẹ̀ ti di tẹni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Aláṣẹ tó bá gbà pé ará ìlú yóò ya wèrè bí wọ́n bá gbọ́ òótọ́ yóò fi ìkìlọ̀ pamọ́, wákàtí tó sì fi pamọ́ yẹn lè jẹ́ wákàtí tí àwọn ènìyàn ì bá fi jáde. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tí irú ipò bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: ẹ sọ ohun tó ń bọ̀ fún wọn, ẹ sọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí i, kí ẹ sì tètè sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n “àwa” tí ewu bí lójijì kì í tọ́jọ́ bí èyí tí àwọn ènìyàn ti fi ọdún púpọ̀ kọ́. Ní àdúgbò Mano ní Kobe kan náà, àwọn ará ibẹ̀ ti ń pàdé láti àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n jọ gbógun ti èéfín àwọn ilé iṣẹ́ tó yí wọn ká. Nígbà tí iná sọ lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ náà, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń gbé korobá omi láti ọwọ́ dé ọwọ́, iná náà kò sì ríbi ràn bó ṣe fẹ́. Daniel Aldrich, tó ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, fi Mano wé àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà níbi tí àwọn ènìyàn kàn dúró tí wọ́n ń wo iná tó ń jó ilé wọn. Omi àti korobá kọ́ ni ìyàtọ̀ wọn. Àwọn ará Mano mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n pè, wọ́n sì mọ̀ pé yóò dá wọn lóhùn.

Ní oṣù Keje ọdún 1995 kan náà, ooru mú ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà débi pé ẹni 739 ló kú ju iye tí ó máa ń kú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ. Eric Klinenberg, onímọ̀ nípa àwùjọ, yẹ àdúgbò méjì tó fara kan ara wọn wò, North Lawndale àti South Lawndale, níbi tí iye àwọn arúgbó tálákà tó ń dá gbé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Bí a bá fi iye olùgbé díwọ̀n rẹ̀, ikú ní àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti èkejì. Ní North Lawndale, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ti kógbá sílé, ilé àti ilẹ̀ ti di ahoro, àwọn àgbàlagbà sì ń bẹ̀rù láti jáde. Ní ìhà kejì, ẹsẹ̀ kì í dá lójú pópó, ìsọ̀ ń bẹ nítòsí tí arúgbó lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ẹni tí kò bá jáde lónìí, ẹnìkan á ṣàkíyèsí pé kò jáde.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìfẹ́ láàárín àwọn tó jọra wọn nìkan kò tó. Mo ti rí àdúgbò tí ìṣọ̀kan rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ti àwọn ayálégbé àti àlejò sẹ́yìn nígbà pípín nǹkan. Ó yẹ kí okùn wà láàárín ẹgbẹ́ kan sí ẹgbẹ́ mìíràn, kí òmíràn sì so ará àdúgbò mọ́ àwọn tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Àdúgbò tí kò ní irú okùn kejì yìí lè fẹ́ràn ara rẹ̀ púpọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ohùn rẹ̀ níta.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni oṣù kejì àti ìkẹta lẹ́yìn àjálù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ayé ń sáré wá. Àwọn olùwádìí Krzysztof Kaniasty àti Fran Norris ti fi hàn pé lẹ́yìn èyí, ìgbàgbọ́ tí ènìyàn ní pé òun ní ẹni tí òun lè fara tì máa ń lọ sílẹ̀, nítorí pé àwọn tí ìbá ràn án lọ́wọ́ wà nínú ìyà kan náà, àárẹ̀ mú wọn, ẹbí fọ́n ká, ìjà “ta ni wọ́n fún, ta ni wọn kò fún” sì bẹ̀rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn sì ń dáàbò bo ọkàn gan-an, nígbà púpọ̀ ju iye ìrànlọ́wọ́ tí ènìyàn gbà lọ.

Ní Kobe, wọ́n fi ìbò pín ilé ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fi àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara ṣáájú. Inú rere ló wà nídìí ìpinnu náà, ṣùgbọ́n ó tú àwọn ènìyàn ká kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ wọ́n, àwọn kan sì kú sínú yàrá láìsí ẹni tó mọ̀ títí ọjọ́ fi lọ. Lẹ́yìn tí omi òkun ya wọ ìlú Iwanuma ní Japan ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, wọ́n kó àwọn kan lọ sí ibùgbé tuntun pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àdúgbò, àwọn olùwádìí sì rí i pé àjọṣe àwọn tó jọ kó lọ dára ju ti àwọn tó dá lọ.

Nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kó àwọn tí omi lé jáde sí, bàbá kan wà tí kì í tò fún oúnjẹ títí ìlà yóò fi parí. Ó máa ń gba àwo rẹ̀ láìwo ojú ẹni tó gbé e fún un, bí ẹni tó jẹ gbèsè. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ìbànújẹ́ rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ọmọdébìnrin tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ gbé ìwé náà tọ̀ ọ́ lọ, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, mi ò mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀.” Ó bọ gíláàsì sójú, ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ ò kọ àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀yìn níbí yìí. Ìyàwó, ọkọ, àti àbúrò ìyàwó tó ń lo ọ̀pá.” Ó fi orúkọ mẹ́fà kún un kí ó tó dìde. Láti ọjọ́ kejì, òun ló ń jókòó sídìí tábìlì náà ní òwúrọ̀. Kò tíì ń sùn dáadáa nígbà tí a fi kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń wo ojú ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fẹnu kò lé lórí, tí Stevan Hobfoll àti àwọn mìíràn kọ jáde ní ọdún 2007, dá lórí nǹkan márùn-ún: kí ènìyàn rí ààbò, kí ara rẹ̀ rọlẹ̀, kí ó gbà pé òun àti àwọn ará òun lè ṣe nǹkan fún ara wọn, kí ó wà pẹ̀lú ènìyàn, kí ó sì ní ìrètí. Ẹ̀kẹta ni a máa ń gbàgbé jù, òun sì ni bírò yẹn dá padà fún bàbá náà.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n kọ́ wa pé kí á kó àwọn ènìyàn jọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí olúkúlùkù sì sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Mo rántí obìnrin kan tó gbọ́ ìtàn ẹlòmíràn, tó dìde, tó jáde, tí kò sì padà wọlé sọ́dọ̀ wa mọ́. Ìwádìí ti fi hàn láti ìgbà náà pé ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ kì í dènà ìdààmú ọkàn tó ń tẹ̀lé ìjayà, ó sì lè pa ẹlòmíràn lára. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2011 rọrùn ju ìyẹn lọ: wo ohun tí ènìyàn nílò, tẹ́tí sí i bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí o sì so ó pọ̀ mọ́ ẹbí rẹ̀ àti ibi tí ìrànwọ́ wà. A kì í fipá gba ìtàn lẹ́nu ẹni. Ẹni tí oorun bá kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí tó ń sọ pé ikú yá ju èyí lọ, kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí yóò rọlẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni kí ẹ mú un lọ.

Ní ti ẹ̀yin tí àjálù kò tíì dé bá, iṣẹ́ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rọrùn láti fojú fò ó dá. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ ilé márùn-ún tó sún mọ́ yín jù sílẹ̀: ta ló ń dá gbé níbẹ̀, ta ni kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, ta ló ní oògùn tí kò gbọdọ̀ tán. Bí ilé kan bá wà nínú márààrún tí ẹ kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ẹ lọ kí i lọ́la.