Big blind mélòó ló wà lọ́wọ́ yín?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, àtẹ̀jíṣẹ́ 17 láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta póókà ló wọlé sórí fóònù mi tó bẹ̀rẹ̀ bákan náà: "Ẹ̀gbọ́n, mo ní Éèsì àti Kíǹgì, mo kó gbogbo ṣíìpù mi sílẹ̀, wọ́n sì jẹ mí. Ṣé mo ṣe àṣìṣe ni?" Ìbéèrè kan náà ni mo fi dá gbogbo wọn lóhùn: big blind mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ? Big blind (BB) ni iye ṣíìpù, ìyẹn àmì tí a fi ń ta eré náà, tó di dandan kí ẹnì kan fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì; òun la fi ń wọn ohun tó wà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni méjì péré ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tó kù sọ fún mi pé òun ní 44,000, bí ẹni pé iye ṣíìpù lásán ń sọ nǹkan kan fún èèyàn. Nígbà tí big blind jẹ́ 500, 44,000 jẹ́ big blind 88. Ẹ lè fara balẹ̀ kí ẹ máa ṣeré. Nígbà tó bá ti di 6,000, 44,000 yẹn kan náà fi díẹ̀ lé ní big blind méje, iná ti ń jó orí òrùlé. Káàdì ọwọ́ yín lè má yí padà rárá, eré náà ti di òmíràn.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ta Hold'em, irú póókà tí mò ń sọ yìí. Ẹni tó bá fi owó wọ ìdíje póókà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò mọ̀ bóyá flush ló ju straight, kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ìyẹn ná. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ìpinnu tí ẹ ń ṣe kí wọ́n tó ṣí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ sí àárín, nítorí ibẹ̀ ni owó yín ti ń jò. Blind kì í dúró sójú kan nínú ìdíje. Ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ ló ń gòkè, tó bá sì fi máa di ààjìn òru, ọ̀pọ̀ àwọn tó kù nídìí tábìlì kò ní ju big blind 15 tàbí 25 lọ. Níbẹ̀ yẹn, ẹ máa ju káàdì nù tàbí kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò tó nǹkan mọ́.

Àwọn bàbá wa tó ń ta ayò kì í kó ọmọ ayò kankan láìka ohun tó wà nínú ilé tiwọn àti nínú ilé ẹni tó jókòó síwájú wọn. Ọ̀pẹ ló ń wo ilé kan tó kún, tí inú rẹ̀ ń dùn. Ọ̀ta ti ka ibi tí ọmọ ayò tó gbẹ̀yìn máa bọ́ sí. Ìwà ọ̀ta yẹn ni mo ń wá lára akẹ́kọ̀ọ́ mi fún ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ ka ṣíìpù kí ẹ tó wo káàdì.

Ẹ jẹ́ ká mú Mẹ́rin méjì. Ẹnì kan ti gbé e sókè sí big blind méjì ààbọ̀, ó wá kàn yín. Bí ẹ̀yin àti ẹni náà bá ní 100 lọ́wọ́ kálukú, ẹ tẹ̀lé e: bí Mẹ́rin kẹta bá bọ́ sílẹ̀, gbogbo ohun tó ní lè di tiyín. Ṣùgbọ́n Mẹ́rin kẹta yẹn kì í wá lórí flop, ìyẹn káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣí sí àárín, ju bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ ààbọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé big blind 18 péré lọ̀kan nínú yín ní, ẹ ṣírò rẹ̀. Fún ẹ̀ẹ̀kan tí Mẹ́rin bá wá, ìgbà méje ààbọ̀ wà tí kò wá, ẹ sì ti da nǹkan bíi big blind 19 nù nínú ìwọ̀nyẹn. Ní ọjọ́ tó wá, ohun tó kù lọ́wọ́ ẹni náà kò ju 15 ààbọ̀ lọ, ó sì lè kọ̀ láti san án. Gbèsè nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ pé big blind mẹ́sàn-án ló kù yín kù, tí gbogbo àwọn tó ṣáájú yín ti ju káàdì wọn nù, Mẹ́rin méjì yẹn náà ni kí ẹ kó gbogbo ṣíìpù yín lé lórí, kí ẹ má wojú ẹnikẹ́ni. Káàdì kan, ìdáhùn mẹ́ta.

Mo ní "ọ̀kan nínú yín" nítorí ṣíìpù ẹni tó kéré jù nínú ẹ̀yin méjèèjì nìkan ló ń jà. Ẹ lè ní 60. Bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn yín bá ní mẹ́sàn-án, eré big blind mẹ́sàn-án lẹ ń bá a ta.

Méje àti Mẹ́fà tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà kan náà ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Jíjẹ́ ẹ̀yà kan náà kò fi ju bíi 3 nínú 100 lọ kún agbára ọwọ́ kan. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí ṣíìpù bá pọ̀.

Èrò kan tún wà tó ń bí mi nínú, ti àwọn tó ń dúró de Éèsì méjì. Wọ́n á ní àwọn ń ní sùúrù. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Big blind mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ yín nídìí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án. Bí blind bá yí yín ká lẹ́ẹ̀kan, ó ti gba big blind kan, ìlàjì fún small blind, ìyẹn blind kékeré, àti odindi kan sí i fún ante, owó ọ̀ranyàn mìíràn tí wọ́n ń fi kún un: méjì ààbọ̀. Yíyí mẹ́rin, ṣíìpù tán. Yíyí mẹ́rin jẹ́ ọwọ́ 36. Éèsì méjì sì ń wá lẹ́ẹ̀kan nínú ọwọ́ 221. Nínú èèyàn mẹ́fà tó bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ni yóò rí i, èyí tó bá sì rí i lè ti jẹ́ pé big blind mẹ́ta ló kù ún kù. Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rù big blind mẹ́ta kó ju káàdì rẹ̀ nù.

Ẹ̀rù yẹn gan-an sì ni ọjà tí ẹ ń tà nígbà tí ẹ bá ní mẹ́wàá. Blind jẹ́ 500 àti 1,000, ante 1,000: 2,500 ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mira. Ẹ ní 10,000, ẹ kó o sílẹ̀, gbogbo wọn sá. Ìdá mẹ́rin ohun tí ẹ ní ti kún un, wọn ò sì ṣí káàdì kankan. Láti orí small blind, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti kù lẹ́yìn yín, ó ju ìlàjì gbogbo ọwọ́ tó wà lọ tó dára láti kó big blind mẹ́wàá lé. Láti ipò àkọ́kọ́, níbi tí èèyàn mẹ́jọ ti kù lẹ́yìn yín, ẹ ó gé e kù dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń ta ìwé aláwọ̀ mèremère lórí Telegram, pé "ọwọ́ tó dára nìyí, ọwọ́ tí kò dára nìyí," láìkọ ipò tàbí iye big blind sórí rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò wúlò ju kí wọ́n fi di àkàrà lọ.

Ní báyìí, ohun tí mo fi ń pe ara mi ní olùkọ́. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ṣíìpù tí ẹ bá pàdánù níye lórí ju ṣíìpù tí ẹ bá jẹ lọ.

Ẹ̀yin mẹ́ta ló kù. Ẹ̀bùn jẹ́ ₦500,000, ₦300,000 àti ₦200,000, ṣíìpù yín sì dọ́gba. Ìpín yín lórí àpapọ̀ mílíọ̀nù náà jẹ́ ₦333,333. Ẹnì kan kó gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kejì sá, ó kàn yín. Bí ẹ bá tẹ̀lé e tí ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀yin méjì ló kù, ṣíìpù yín sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì: nínú ìgbà mẹ́ta, ẹ ó gba ₦500,000 lẹ́ẹ̀mejì, ₦300,000 lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá pín in dọ́gba, ₦433,333 nìyẹn. Bí ó bá jẹ yín, ₦200,000 lẹ ń mú lọ sílé. Nítorí náà, ₦100,000 lẹ lè fi jèrè, ₦133,333 lẹ lè fi pàdánù. Kí títẹ̀lé náà tó tọ́, ẹ gbọ́dọ̀ máa jẹ ju ìgbà 57 nínú 100 lọ. Éèsì àti Kíǹgì tó dojú kọ Mẹ́fà méjì kò tó 50 nínú 100. Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi pé "Ẹ̀gbọ́n, mo ní AK", ẹ gbọ́ o: ní irú ibẹ̀ yẹn, bí ẹ bá mọ̀ pé káàdì méjì tó dọ́gba ló wà lọ́wọ́ ẹni náà, ẹ ju u nù.

Ẹni tó ń kó o sílẹ̀ kò ru irú ẹrù tí ẹni tó ń tẹ̀lé e ru. Ẹni tó kó o sílẹ̀ lè jẹ nígbà tí gbogbo èèyàn bá sá, ó sì tún lè jẹ nígbà tí wọ́n bá ṣí káàdì. Ẹni tó tẹ̀lé e ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó mọ èyí, tí ṣíìpù rẹ̀ sì pọ̀ jù nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó, yóò máa fi káàdì játijàti da àwọn tó wà láàárín láàmú, ohun tó tọ́ ló sì ń ṣe.

Satellite ló ti le jù. Satellite ni ìdíje kékeré tí ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì sínú ìdíje ńlá. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni Chris Moneymaker, oníṣirò owó kan láti Tennessee, gbà dé World Series of Poker ní Las Vegas ní 2003, tó sì gba mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là láàárín èèyàn 839. Gbogbo èèyàn rántí owó yẹn. Ohun tí wọn kì í rántí ni pé nínú satellite, ẹni tó ní ṣíìpù jù àti ẹni tó ní ṣíìpù kan ṣoṣo ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kan náà.

Ọmọ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ó lọ́pọlọ, ó sì ń fara ṣiṣẹ́. Ó wọ satellite kan tí tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá wà nílẹ̀ fún, ó ta á títí ó fi ku èèyàn mọ́kànlá, òun ló sì ṣìkẹta. Big blind 24 wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni méjì wà nísàlẹ̀ tí tiwọn kò pé méjì. Ká ní ó lọ sùn, bíi 95 nínú 100 ni tíkẹ́ẹ̀tì náà fi jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ní ṣíìpù jù kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ yìí wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí Kuíìnì méjì, ó tẹ̀lé e. Kuíìnì méjì máa ń jẹ káàdì èyíkéyìí tó bá pàdé nǹkan bíi ìgbà 80 nínú 100. Éèsì méjì pàápàá kò ju 85 lọ. Kí ló dé tí èèyàn á fi 95 ra 80? Kíǹgì bọ́ sílẹ̀ lórí river, káàdì tó gbẹ̀yìn. Ó gbé ipò kọkànlá, kò gba kọ́bọ̀.

Déédéé aago méjì òru ló pè mí. Kò bi mí léèrè bóyá òun ṣìṣe. Ó ní wọ́n ti jí tòun, pé ojóòro ni wọ́n ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà wọn. Mo ṣàlàyé fún un, kò gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ra ọṣẹ àwúre lọ́wọ́ ẹnì kan ní ₦35,000 láti máa fi wẹ ọwọ́ kó tó jókòó sídìí eré. Mo dákẹ́ nítorí pé ọṣẹ ni. Àṣìṣe mi nìyẹn, ó sì ń dùn mí di òní. Ọwọ́ àwọn gbájú-ẹ̀ ló tún bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó ń ta ááàpù tí wọ́n ní ó ń rí káàdì àwọn tó kù, tí wọ́n sì ń lo èdè àwọn tó ń ta fọ́káàsì Baba Ìjẹ̀bú: "banker", "two sure". Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń da káàdì 52 rú lákọ̀tun. Kò sí ohun tí ọwọ́ àná mọ̀ nípa ti òní. Káàdì ẹlòmíràn kì í sí nínú fóònù yín rárá títí wọ́n á fi ṣí i, ta ni ááàpù kankan á wá rí i? Ohun tó rí ni ọ̀rọ̀ aṣínà ọmọ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo owó tó kó jọ fún oṣù mẹ́jọ ti kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, tó fi mọ́ ₦180,000 tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí èmi ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Látìgbà náà, mi ò gba akẹ́kọ̀ọ́ tí owó tó yà sọ́tọ̀ fún eré kò bá tó ọgọ́rùn-ún ìgbà iye tó fi ń wọ ìdíje kan, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá owó náà jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn kò tíì ṣe tán. Bí wọ́n bá fi ááàpù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ bá ti fi í sórí fóònù, ẹ mú fóònù mìíràn kí ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà lónìí, ti báńkì yín pẹ̀lú.

Ọmọ Ṣómólú náà san owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán ní oṣù kẹrin ọdún yìí, nínú owó iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ó ti ń ta díẹ̀díẹ̀ padà, àwọn ìdíje olówó pọ́ọ́kú. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi: satellite, tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún, èèyàn mẹ́fà. Jáàkì méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti jù wọ́n nù. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "19 BB".