Ẹni tó ń de POP: iṣẹ́ cast technician

Ọ̀kadà gbé ènìyàn ṣubú, ẹsẹ̀ kán. Dókítà ló máa wo fọ́tò eegun, òun náà ló máa sọ bó ṣe yẹ kó tò. Ẹni tó wá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, tó ti POP (plaster of Paris, bándéèjì funfun tó máa ń gan) bọ omi, tó sì dè é mọ́ ẹsẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní orthopaedic cast technician. Àwọn aláìsàn a máa pe òun náà ní dókítà, kì í sì í sábà bá wọn jiyàn.

POP kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Òkúta gypsum ni wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi pa bándéèjì. Iná ti lé omi inú rẹ̀ jáde. Bó bá tún kan omi, á fà á mu padà, á sì gan. Bó ṣe ń gan lọ́wọ́ ló ń gbóná. Ẹni tó bá wá fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ kí iṣẹ́ lè yá, àfàìmọ̀ ni kò ní bó aláìsàn lára. Mathijsen, dókítà ológun ará Netherlands, ló gbé irú bándéèjì yìí jáde ní 1851.

Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń gbé POP tútù, kì í ṣe orí ìka. Ibi tí ìka bá tẹ̀ wọnú á gan bẹ́ẹ̀, á sì máa ha ara lábẹ́ títí yóò fi di egbò. Òwú ló ń ṣáájú, wọ́n á sì fi kún un ní kókósẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni wíwú. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán á máa wú. Bí wọ́n bá dè é yíká pinpin, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan tó ń to eegun nílé ṣe ń fi ọparun de ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ títí tó fi ń jẹrà. POP náà lè ṣe é, ẹ má tan ara yín. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sábà máa ń fi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀ nìkan, kí wọ́n tó fi bándéèjì lásán wé e. Technician á tẹ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀: á funfun, ẹ̀jẹ̀ á sì padà kíá. Bí kò bá padà, tàbí tí ìrora ń le sí i, POP ọ̀hún ì báà dán bíi dígí, lílà ni.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń là á ń han bíi ti káfíńtà, àwọn ọmọdé a sì máa figbe ta. Kì í yí. Gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n, ohun líle ló sì ń gé. Technician á kọ́kọ́ fi kan àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ kí ọmọ náà rí i.

Ilé ìwòsàn Igbóbì l'Ékòó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní Ìlú Ọba, ìwé ẹ̀rí British Casting Certificate wà fún un. Kẹ́ ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ bẹ̀ wọ́n kẹ́ ẹ dúró sí yàrá POP láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ wò ó bóyá ẹ lè gbé ẹsẹ̀ àgbàlagbà sókè láìmì títí POP á fi gan, kí omi funfun sì máa kán sínú bàtà yín.