Ẹyẹ Nonggang

Ẹyẹ Nonggang, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Stachyris nonggangensis, jẹ́ ẹyẹ kékeré kan nínú ẹbí Timaliidae. Inú igbó orí òkè òkúta ẹfun ló ń gbé, ní ẹkùn Guangxi ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ṣáínà àti ní òdìkejì ẹnubodè, ní àríwá Vietnam. Ọdún 2005 ni Zhou Fang àti Jiang Aiwu, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ẹyẹ, kọ́kọ́ rí i ní igbó àdáàbòbò Nonggang ní àgbègbè Longzhou. Wọ́n kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà The Auk ní ọdún 2008, orúkọ igbó náà ni wọ́n sì fún un.

Gbogbo ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ohun tí èèyàn fi ń dá a mọ̀ ni àmì funfun tó tẹ̀ bí oṣù tuntun lẹ́yìn etí rẹ̀, àti àwọn àmì dúdú wínníwínní tó wà ní ọ̀fun rẹ̀ títí dé òkè àyà. Ó jọ ẹyẹ mìíràn tó ń jẹ́ Stachyris herberti, tí òun náà ń gbé orí òkúta ẹfun ní Laos àti Vietnam, àmọ́ ìyẹn kò ní àmì funfun lẹ́yìn etí.

Òkúta ẹfun náà ni irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Omi òjò máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní Guangxi, ó ti jẹ ẹ́ títí tí òkè fi dúró ṣóńṣó, tí ihò àti pàlàpálá sì gba inú rẹ̀ kan. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í dúró lórí òkè, ńṣe ló ń gba pàlàpálá wọnú ilẹ̀ lọ. Erùpẹ̀ kò tó nǹkan níbẹ̀, inú kọ̀rọ̀ òkúta ni èyí tó wà ti ń kó jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ. Ibẹ̀ náà ni kòkòrò ń fara pamọ́ sí.

Oúnjẹ ẹyẹ yìí nìyẹn. Ilẹ̀ ló ti ń jẹun, ẹsẹ̀ ló sì ń lò ju ìyẹ́ lọ: yóò fẹsẹ̀ fò láti orí òkúta kan sí òmíràn, yóò fi àgógó gbá ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ki orí bọ pàlàpálá, yóò sì fa kòkòrò jáde. Bó bá gbúròó èèyàn, sísá ló máa ń sá wọ àárín òkúta, kì í tètè gbéra fò. Lásìkò tí kì í ṣe ìgbà ìyéyin, wọ́n máa ń kó ara wọn jọ rìn. Inú ihò ara àpáta ni wọ́n ń kọ́ ìtẹ́ sí. Pẹ̀lú irú ìgbésí ayé yìí, kò yani lẹ́nu pé ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó rí i.

Àjọ IUCN, tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá lágbàáyé, kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àtirun. Ibi tó ń gbé kò tóbi, orí òkè tí igbó ṣì wà nìkan ni. Ìrèké ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà láàárín àwọn òkè náà. Gíga òkè ló ń dáàbò bo igbó orí rẹ̀, nítorí oko kò ṣeé ro níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣẹ́ igi ìdáná ń gùn ún, ìwakùsà òkúta sì lè wó òkè ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2021, ìjọba Ṣáínà fi ẹyẹ náà sínú ìpele kejì lára àwọn ẹranko tí òfin ń dáàbò bò.

Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí igbó Nonggang ti sọ ẹyẹ di orísun owó. Wọ́n ń ṣe àtíbàbà ìfarapamọ́ fún àwọn ayàwòrán, wọ́n ń fi ìdin àti omi síwájú rẹ̀, wọ́n sì ń gba owó ìjókòó. Èyí ti mú kí ẹyẹ tó wà láàyè níye lórí fún wọn. Àmọ́, ìdí ìdin yìí ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìjókòó gbangba tó máa ń wà nínú wọn kò sì fi bó ṣe ń jẹun nínú igbó hàn.