Ooru ló ń tan iná Voyager, àmọ́ báwo?

Ní oṣù Kẹta 2025, NASA, àjọ tó ń rí sí ojú sánmà ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ń pa díẹ̀ nínú ẹ̀rọ Voyager 1 àti 2, ọkọ̀ ojú sánmà méjì tó gbéra ní 1977, nítorí iná ò tó mọ́. Ni ìbéèrè bá ń rọ́ wọlé: iná wo?

Ṣé jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ ni?
Kò sí. Ta ni ì bá máa rọ epo sí i?

Sóólà ńkọ́?
Oòrùn ti jìnnà jù. Voyager 1 ti lé ní bílíọ̀nù 24 kìlómítà sí wa.

Kí ló wá ń mú iná wá?
Plutonium-238, èròjà tó ń gbóná fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá so irin oríṣi méjì pọ̀ ní ìkángun méjèèjì, tí ìkángun kan gbóná tí èkejì tutù, iná díẹ̀ á máa ṣàn nínú wọn. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Thomas Seebeck ló kíyè sí i ní Jámánì ní 1821, àmọ́ ó rò pé agbára òòfà ni.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í gbọ́ nìyí: ooru nìkan kò tó. Bí ìkángun méjèèjì bá gbóná bákan náà, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Omi táǹkì kì í ṣàn láìjẹ́ pé ibì kan ga ju ibì kan lọ. Òtútù ojú sánmà ni ìkángun kejì ti Voyager, ọ̀fẹ́ sì ni.

Iná náà pọ̀ tó?
Nǹkan bíi wáàtì 470 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nígbà tó gbéra. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ ń jẹ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ó sì ń fi bíi wáàtì 4 dín kù lọ́dọọdún, torí plutonium ń tutù, àwọn irin náà sì ń gbó.

Ṣé plutonium yẹn ò ní já lù wá?
Rárá. Ó ń lọ ni, kò ní padà.

Ṣé mo lè fi ààrò mi ṣe é?
Ẹ lè ṣe é. Pẹlẹbẹ kékeré kan wà lọ́jà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe àtùpà oníkẹrosíìnì kan tí ooru rẹ̀ ń gbé rédíò. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ooru náà ló ń ṣòfò: èyí tó wà lára Curiosity, ọkọ̀ NASA tó ń rìn lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, ń gba bíi wáàtì 2,000 ooru nígbà tó gbéra, 110 péré ló ń jáde ní iná. Fóònù àti gílóòbù kékeré lẹ máa rí fi gbé. Ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fi omi mú ẹ̀yìn pẹlẹbẹ náà tutù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná á rọ. Ẹni tó bá ní òun ń ta èyí tó ń gbé fìríìjì, ẹ di àpò yín mú.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?
Pẹlẹbẹ ààrò kò léwu ju ààrò fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀rọ tó ń lo èròjà olóró, tí ìtànṣán rẹ̀ ń ba ara jẹ́, ni ká ṣọ́ra fún. Sófíẹ́ẹ̀tì fi púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó. Ní oṣù Kejìlá 2001, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ará abúlé Lia, ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, tó ń ṣẹ́gi nínú igbó, rí agolo irin méjì tó gbóná débi pé yìnyín ti yọ́ yí wọn ká. Wọ́n gbé e lọ fi yáná lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń bì; ọ̀kan kú ní 2004. Bí ẹ bá rí irin tó ń gbóná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, yálà nínú igbó tàbí láàárín àlòkù irin, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e tà. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ pe ọlọ́pàá.