Irúgbìn Àtijọ́ Ni Ẹlẹ́rìí: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ewéko Ti Yí Padà

Bí ewéko kan bá ń yọ òdòdó báyìí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbà tó ń yọ ọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn, ohun méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ ooru tàbí ọ̀dá ló ń lé e léré. Tí ojú ọjọ́ bá padà sípò, òun náà á padà sí ìwà rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ewéko náà gan-an ti yàtọ̀ láti inú wá: àwọn tó ń pẹ́ yọ òdòdó ti kú kí wọ́n tó so, àwọn tó ń tètè yọ ọ́ ló rí ọmọ bí, ìwà wọn ló sì gba gbogbo pápá. Èyí èkejì ni ẹfolúṣọ̀n. Lójú lásán, méjèèjì jọra bí ìbejì, torí náà ẹni tó bá kàn ń kọ ọjọ́ tí òdòdó yọ sínú ìwé lọ́dọọdún kò tíì lè sọ èyí tó ṣẹlẹ̀.

Irúgbìn àtijọ́ ló ń bá wa yanjú rẹ̀. Hóró tí a bá gbẹ dáadáa tí a sì gbé sínú òtútù kì í hù, kì í sì í bímọ. Àjogúnbá tó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ká a ló ṣì ní. Tí a bá wá jí i, tí a gbìn ín pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ ìran rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká níbi kan náà, nínú ilẹ̀ kan náà, pẹ̀lú omi kan náà, ìyàtọ̀ tó bá ṣẹ́kù láàárín wọn kò lè jẹ́ ti ojú ọjọ́ mọ́.

Steven Franks, olùwádìí nípa ewéko, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é pẹ̀lú Brassica rapa, músítádì inú igbó, ní gúúsù California. Wọ́n ní irúgbìn tí wọ́n ká lọ́dún 1997, kí ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000 tó dé, àti èyí tí wọ́n ká ní 2004. Nígbà tí wọ́n gbìn wọ́n pọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀dá ló kọ́kọ́ yọ òdòdó. Àwọn tó wá láti ibi tí ilẹ̀ ti máa ń tètè gbẹ fi ọjọ́ 1.9 ṣáájú àwọn baba ńlá wọn; àwọn tó wá láti ibi tí omi ti máa ń pẹ́ nílẹ̀ fi ọjọ́ 8.6 ṣáájú. Ọdún kan péré ni ewéko yìí ń lò láyé, nítorí náà ìran méje ti tó fún irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí omi ti ń pẹ́ nílẹ̀ ni àyípadà ti pọ̀ jù: àwọn ti ilẹ̀ gbígbẹ ti ń kánjú tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún mú akọ ìran kan bá abo ìran kejì, ọjọ́ tí àwọn àdàlù náà yọ òdòdó sì bọ́ sáàárín ti àwọn òbí wọn. Inú jíìnì, ìyẹn àjogúnbá tí òbí ń fún ọmọ, ni ọ̀rọ̀ náà wà lóòótọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. Kéèyàn gbé irúgbìn ọlọ́dún mẹ́wàá jáde nínú firísà, kó gbìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún yìí, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n wọ́n, kò tọ̀nà. Hóró tó ti pẹ́ máa ń lọ́ra hù, èhù rẹ̀ sì lè kéré nítorí pé ìpamọ́ ti rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe nítorí jíìnì. Bákan náà, hóró tí ìyá rẹ̀ so lásìkò ọ̀dá lè má ní oúnjẹ nínú tó èyí tí ìyá rẹ̀ rí omi mu. Ohun tó yẹ ni kí a kọ́kọ́ gbin ìran méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìwọn nǹkan kan, kí a ká irúgbìn tuntun lára wọn, kó sì jẹ́ àwọn hóró tuntun yìí, tí gbogbo ìyá wọn jẹ oúnjẹ kan náà, la máa lò fún ìdíwọ̀n. Odidi àsìkò ìgbìn kan ni èyí ń gbà, àwọn aláìnísùúrù sì máa ń fò ó. Èmi kì í fọkàn tán àbájáde irú wọn.

Lásìkò ìgbìn àkọ́kọ́ yìí, ẹ fi àpò aṣọ tín-ín-rín bo àwọn òdòdó, kí kòkòrò má baà gbé lẹ́búlẹ́bú (ìyẹ̀fun tó ń mú kí òdòdó so) ìran kan sórí ìkejì. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré la fi ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti orí òdòdó kan sí òmíràn láàárín ìran kan náà, kí ìran kọ̀ọ̀kan sì ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Irúgbìn ìyá kọ̀ọ̀kan máa wà nínú àpò ìwé ọ̀tọ̀. Tó bá di ìgbà ìdíwọ̀n, ẹ da ìkòkò wọn pọ̀ mọ́ra: tí ti àtijọ́ bá wà lápá ògiri, tí ti tuntun wà lápá fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ lẹ ń wọ̀n, kì í ṣe ewéko. Nọ́ńbà nìkan ni kó wà lára ìkòkò, kí ẹni tó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ má mọ èyí tó jẹ́ ti ìgbà wo. Ọjọ́ tí èhù yọ lókè ilẹ̀ ni ká ti máa kà, kì í ṣe ọjọ́ tí a gbìn ín.

Ewu kan tún wà tí ojú kì í rí. Tí 90 bá hù nínú 100 hóró àtijọ́, kò séwu. Tó bá jẹ́ 30 ló hù, ta ló sọ pé irú kan náà ni àwọn 70 tó kú? Ó lè jẹ́ àwọn olóòdòdó pípẹ́ ló kú jù sínú firísà, ìyẹn á sì yí àbájáde po. Ẹ máa kọ iye tó hù sílẹ̀ nígbà gbogbo.

Bí ìpamọ́ bá dára, ewu yìí á dín kù. Àwọn ilé ìpamọ́ irúgbìn ńlá máa ń gbẹ hóró níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ti jẹ́ nǹkan bí 15%, ooru rẹ̀ nǹkan bí 15°C, kí wọ́n tó dì í sínú ohun tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kí wọ́n sì gbé e sí nǹkan bí −20°C. Ẹni tí kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ lè lo silica gel, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà: kó tó ìwọ̀n irúgbìn náà, kí méjèèjì jọ wà nínú ìgò tó dé pa fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Tí hóró bá wọ firísà láìgbẹ, omi inú rẹ̀ á di yìnyín, á sì fa ara rẹ̀ ya. Nígbà tí ẹ bá sì ń gbé ìgò jáde, ẹ má ṣí i títí otútù ara rẹ̀ á fi lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìrì á sẹ̀ sórí irúgbìn gbígbẹ. Ti kòkó àti mángòrò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Bí hóró tiwọn bá gbẹ, ó kú nìyẹn.

Iṣẹ́ tó wú mi lórí jù nínú àwọn tó jáde lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí ni ti Viola arvensis, ewéko kékeré inú oko, ní agbègbè Paris. Samson Acoca-Pidolle, Pierre-Olivier Cheptou àti àwọn yòókù jí irúgbìn tí wọ́n ti ká láàárín 1992 sí 2001, wọ́n sì fi wé ti 2021 láti ibi mẹ́rin. Ti ìsinsìnyí ń fi lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ so irúgbìn ní ìdá 27 nínú 100 ju ti àtijọ́ lọ, òdòdó rẹ̀ fi ìdá 10 kéré sí i, omi dídùn inú rẹ̀ sì fi ìdá 20 dín kù. Nígbà tí wọ́n kó oyin onírun (bumblebee) sí wọn, ti àtijọ́ ló wù wọ́n jù. Àlàyé àwọn olùwádìí náà ni pé bí kòkòrò ṣe ń dín kù, òdòdó tó ń náwó lórí wọn ń pàdánù. Bí òdòdó náà bá sì wá dín oúnjẹ kù, ebi á tún máa pa kòkòrò tó ṣẹ́kù. Èyí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé bí kòkòrò tilẹ̀ padà pọ̀ lọ́la, òdòdó tí wọ́n máa bá kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kó irúgbìn pamọ́ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, kó ká a lára ìyá tó tó 50, ó kéré tán, kó má sì kó ju ìdá 20 nínú 100 irúgbìn tó gbó níbẹ̀ lọ, kí pápá náà lè rí ìran tuntun bí. Kó kọ ọjọ́, ibi gan-an tó ti ká a, àti iye ìyá sára àpò. Àpò tí kò ní ọjọ́ lára kò ṣeé lò.